Orin òyìnbó wo ni jáàsì?

Bí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé orin òyìnbó ni jáàsì, ìjà ló máa dà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin tó ń fọn sasofóònù fẹ́ dárà díẹ̀ sí orin tó ń fọn, ni wọ́n bá ní kó gbé orin òyìnbó yẹn sọ́hùn-ún, kó fọn èyí tá a lè jó sí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà padà sórí orin ìdúpẹ́, ni owó bá ń rọ̀ sí i níwájú orí.

Òyìnbó wo? Ṣé John Coltrane, ọ̀gá nínú fífọn sasofóònù jáàsì, ọmọ aránṣọ, aláwọ̀ dúdú láti North Carolina ní Amẹ́ríkà, ni òyìnbó? Oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní heroin ló jẹ́ kí Miles Davis, olórin jáàsì bíi tiẹ̀, lé ọkùnrin yìí kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lọ́dún 1957. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ oògùn náà lọ́dún yẹn, ó sì wá fọn fèrè débi tí ayé ò tíì fọn ọ́n dé.

Ibi tí mò ń lọ nìyí: 23 April 1967, 125th Street, ní Harlem, New York. Babatunde Olatunji, onílù, ọmọ Àjídó lẹ́bàá Badagry, ti dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ níbẹ̀, Coltrane sì wà lára àwọn tó ń fowó ràn án lọ́wọ́. Láti 1962 ló ti ṣe orin kan tó pè ní "Tunji". Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó wá ṣeré nínú ilé náà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á ní 17 July, oṣù mẹ́ta ò pé sígbà náà. Ẹni ogójì ọdún péré! "Ogunde" lorúkọ orin tó fi bẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ Àìkú yẹn, ó sì tó ìṣẹ́jú 28. Yàtọ̀ sí Rashied Ali tó ń lu dírọ́ọ̀mù, ta ló tún wà nídìí ìlù? Algie DeWitt, pẹ̀lú bàtá. Bàtá o!

Ṣùgbọ́n mo tún rẹ́kọ́ọ̀dù eré ọjọ́ náà gbọ́ lálẹ́ àná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á ò dáa rárá. Fèrè ń ké bí ẹni tí iná ń jó, dírọ́ọ̀mù bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Àyàn, ẹ bá mi gbọ́ ọ wò. Ṣé ẹ gbọ́ bàtá níbẹ̀ lóòótọ́, àbí torí pé mo ti kà á pé ó wà níbẹ̀ lèmi ṣe ń gbọ́ ọ?