Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú: Ọ̀rọ̀ Oorun fún Ẹni Tí Ara Ń Ro

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko." Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pa òwe náà nìyẹn. Ìyá mi àgbà, tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé, "ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò ka ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sí. Ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tó kọ̀ tí kò fi mí sílẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé láti inú ara tó ń ro òun náà ló ti ń pa òwe. Oorun ni ohun tí èmi ń fagbára mú nígbà náà.

Aránṣọ ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀yìn ti ń dà mí láàmú, láti ìbàdí títí dé itan òsì. Ojúmọmọ ṣì sàn díẹ̀. Oníbàárà ń wọlé, mò ń gé aṣọ, mò ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, ariwo Ọjà Jagun ń bọ̀ láti ìta. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́, á ku èmi àti ìrora nìkan. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìrora máa ń pọ̀ sí i lóru o. Ohun tó ń bò ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ló ti lọ sùn.

Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tí làkúrègbé mú lórúnkún, ẹni tí àwọ́ká ń rìn kiri lára rẹ̀, ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde ń dà láàmú nínú eegun, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà tí ìbàdí rẹ̀ ò sì padà sípò mọ́, òru kan náà ni gbogbo wa ń bá pàdé. Àwọn dókítà ní bí ìrora bá ti lé ní oṣù 3 tí kò lọ, ó ti kúrò ní ti ojú ẹsẹ̀, ó ti di èyí tí à ń bá gbé. Nígbà mìíràn, ọgbẹ́ tó bí i ti jinná pátápátá, àmọ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ ò tíì gbà bẹ́ẹ̀, bí ajá tó ṣì ń gbó lẹ́yìn tí àlejò ti wọlé, tó ti jókòó, tó ti ń mu omi.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìrora àti àìsùn ń ti ara wọn lẹ́yìn. Ìrora lé oorun lọ lónìí. Tó bá di ọ̀la, ara tí kò sùn á máa gbọ́ ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ti dán èyí wò lára àwọn tí nǹkan kan ò ṣe: bí wọ́n bá fi oorun dù wọ́n, ohun tí kò tó nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń pè yín ní ọ̀lẹ tàbí alásọdùn, ẹ má gbà á sára. Ẹni tó ń wá oorun ń wá ìwòsàn.

Bí mo ṣe ń fagbára mú oorun rèé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ti máa lọ dùbúlẹ̀, kí n lè ní àyè tó láti fi wá a. Màá di ojú pinpin. Màá máa wo fóònù: aago kan, ó ku wákàtí márùn-ún, aago méjì, ó ku mẹ́rin. Inú á máa bí mi sí ọkọ mi tó ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti bá oorun jà, mo ti bá ẹ̀yìn mi jà, mo ti bá bàbá àwọn ọmọ mi jà nínú ọkàn, kò sì sí èyí tí mo dá.

Oorun ò yàtọ̀ sí adìẹ tó ń wọlé nírọ̀lẹ́. Bí èèyàn bá ń lé e kiri àgbàlá, orí igi ló máa sùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ fọ́n àgbàdo díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì jókòó jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi wọlé.

Ìyá mi àgbà mọ èyí. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni làkúrègbé mú. Bí mo bá jí lóru láti lọ tọ̀, màá bá a lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtùpà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Màá ní, "Ìyá, ẹ ò tíì sùn ni?" Á ní, "Oorun ò tíì dé, ọmọ mi. Kí n wá dùbúlẹ̀ dè é? Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ." Bí ojú rẹ̀ bá wá ń lọ, tí ẹ̀gúsí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á dìde, á wọlé lọ.

Nígbà tí wọ́n bá pa òwe apirọrọ, ẹni tó ń dọ́gbọ́n bíi pé òun sùn kí wọ́n má baà rán an níṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bá wí. Ìyá àgbà fi bá ara rẹ̀ wí: ẹni tó dùbúlẹ̀, tó dijú, tí kò sì sùn, ta ló ń tàn? Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti papò dà, físíò tó ń tọ́jú ẹ̀yìn mi sọ fún mi pé bí mo bá ti dùbúlẹ̀ tó bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun ò wá, kí n dìde kúrò lórí ibùsùn, kí n lọ jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kí n máa ṣe nǹkan tí kò gba agbára, kí n má sì padà àfi tí oorun bá ń kùn mí. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ohùn Ìyá àgbà ni mo gbọ́.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ara ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ibùsùn tí a bá ti ń jà lóròòru á di pápá ìjà. Gbàrà tí ẹ̀yìn bá ti kàn án ni àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bí a bá ń fi í sílẹ̀ nígbà tí oorun ò sí, ara á padà mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ibi oorun. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians sọ ọ́ di ìmọ̀ràn pé irú ẹ̀kọ́ yìí, pẹ̀lú títún èrò ọkàn nípa oorun ṣe, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kí ọ̀rọ̀ oògùn oorun tó wọ̀ ọ́. Apá kan nínú rẹ̀ ló ṣòro fún mi jù lọ: kéèyàn máa jí ní aago kan náà láràárọ̀, ì báà jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré ló sùn. Aago mẹ́fà ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dà bí ìyà. Lẹ́yìn náà, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Oorun ọ̀sán náà ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kó sì ti parí kó tó di aago mẹ́ta. Aago tó wà ní yàrá, ẹ yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé adìẹ fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń gbé ara kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tàbí ìbàdí ló ń ro yín, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ ká orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì, kí itan òkè má baà máa fa ìbàdí wálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó fẹ̀yìn lélẹ̀, abẹ́ orúnkún ni kó fi ìrọ̀rí sí. Bó bá jẹ́ èjìká ni, ẹ má sùn lé e. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀, kí ẹ gbá ìrọ̀rí mọ́ra kí apá tó ń ro rí ibi sinmi lé. Ìrọ̀rí kan tí kò ga jù tó ọrùn. Sísùn dojú bolẹ̀ máa ń lọ́ ọrùn, ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ bá lè fi sílẹ̀. Kò sì dìgbà tí ẹ bá ra ìrọ̀rí olówó gọbọi. Àjákù aṣọ tó ń ṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ ni mo kó sínú àpò tí mo rán ẹnu rẹ̀, òun ló wà láàárín orúnkún mi láti ọdún márùn-ún. Ìró àtijọ́ tí a ká tí a fi okùn dì máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ti pé ilẹ̀ lásán ló dára jù fún ẹ̀yìn, bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń sọ, fóòmù tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù ló ba ọ̀pọ̀ èèyàn mu.

Tí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ má fò dìde ṣánṣán. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ti ara yín sókè.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo oríkèé ara máa ń le. Ẹ fi wẹ̀ ní bíi wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn. Bí ara bá ṣe ń tutù padà ni oorun á máa sún mọ́ ọn. Ẹ sì lè fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tí a fún dáadáa lé ibi tó ń ro. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe tàbí tí ara rẹ̀ kú tipiri níbì kan ní láti ṣọ́ra gidigidi, torí omi lè bó o láìmọ̀.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ kàn wá. Ọkà tó kún àwo láago mẹ́wàá alẹ́, tí a sì dùbúlẹ̀ lé lórí, á jẹ́ kí àyà máa ta ni dòru. Ẹ jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú oorun. Ẹ sì wo obì. Àwọn tó ń ṣe àìsùn òkú mọ ohun tó mú kí wọ́n máa pín in kiri: ohun tó wà nínú kọfí tó ń lajú ẹni wà nínú obì pẹ̀lú, wákàtí bíi márùn-ún lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára. Òwúrọ̀ ni kí ẹ ti gba ti àlejò yín.

Ibi tó ń dun ọkàn mi jù la dé yìí. Òùngbẹ kì í gbẹ ni ká mu ẹ̀jẹ̀. Mo mọ bí òùngbẹ náà ṣe máa ń gbẹ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì kó ní, "Ẹ bá mi wá èyí tó le jù." Ṣùgbọ́n tramadol tí dókítà ò kọ, tí a tún wá fi ọtí tàbí oògùn oorun lé, lè dá èémí èèyàn dúró lójú oorun, kí àwọn ará ilé sì máa rò pé ó ń sinmi ni. Páràgà àti ọtí lásán náà kì í fúnni lóorun tó péye: wọ́n á yára gbé ni lọ, wọ́n á sì já ni sílẹ̀ láàárín òru. Diclofenac àti ibuprofen tí à ń rà bí ẹni ra gúgúrú ń dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè bí a bá ń lò wọ́n lálòjù. Ẹni tó ti ń lo oògùn líle lójoojúmọ́ tipẹ́, kó má ṣe já a dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kó bá dókítà sọ òótọ́, kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí wọ́n sì kọ fún yín, ẹ béèrè wákàtí tó yẹ kí ẹ lò ó. Ìyípadà wákàtí lásán ló tún òru mi ṣe lọ́dún kẹta.

A ò ṣàìní ibi tí a ti lè béèrè. Ilé ìwòsàn tí àwọn ìjọ onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ nílùú wa ní 1907 ló ti di ti Yunifásítì Bowen lónìí, ti LAUTECH náà sì wà. Bí ìrora òru bá ń bá ibà tàbí rírù rìn, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń dà láìmọ̀, ẹ má dúró wo ìrọ̀rí kankan, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí ara bá yá mi ni mo máa ń ṣìṣe. Màá rán aṣọ mẹ́rin níbi tó yẹ kí n ti rán méjì, torí owó ilé ìwé ọmọ ti ń sún mọ́lé, òru méjì tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀yìn á sì fi gba gbèsè rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní báyìí, mo máa ń dìde lórí maṣíìnì ní gbogbo ìdajì wákàtí, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá padà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin ìdajì ọ̀nà ilé nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ẹni tí ara ń ro, ẹ gbọ́ tèmi. Láràárọ̀ là ń kí ara wa pé, "Ṣé ẹ jíire?" Ẹni tí kò sùn rárá, kí ni kó dáhùn? "A dúpẹ́" náà ni. Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn "a dúpẹ́" yẹn. Ẹ bá a pa jẹnẹrétọ̀ tètè. Bí ẹ bá sì bá a lórí ìjókòó lóru, ẹ má pariwo pé kó lọ sùn. Ó ń dúró de oorun ni.

Lóru àná, mo jí. Mi ò mọ aago tó lù. Àpótí Ìyá àgbà ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi báyìí. Mo jókòó lé e, mo ń fọwọ́ rán etí ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé kan. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo sì jẹ́ kó máa ro. Mò ń mí sínú, mò ń mí síta gígùn, mò ń rán an lọ, títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá a rí, mo fi gún etí aṣọ náà, mo wọlé lọ dùbúlẹ̀, mo ki àpò àjákù aṣọ sáàárín orúnkún. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àárọ̀ láti Sábó, ọkọ mi ló gbọ́. Èmi ò gbọ́.