Ohun Tí Ọmọ Ń Kà Ni, àbí Ẹni Tó Gbé E Mọ́ra? Àríyànjiyàn Lórí Jẹ́lé-ó-sinmi Tó Dára

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún méjì, mo sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Jẹ́lé-ó-sinmi méjì ni mo ti lọ wò. Ní ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ń ka A dé Z, gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́. Ní ti èkejì, iyanrìn kún aṣọ wọn, ariwo ń lọ, ọ̀kan tiẹ̀ ń sunkún lórí itan olùkọ́. Ọkọ mi ní ti àkọ́kọ́ ni ká mú. Ọkàn mi kò balẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń dà á láàmú. Kí lẹ̀yin máa ń wò?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Ọkọ yín sòótọ́, mà. A kì í sanwó ilé-ìwé nítorí iyanrìn. Iyanrìn wà nílé. Àbíkẹ́yìn mi ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ títí dòní. Ẹ wo géètì bóyá ó ṣeé tì, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ wo bóyá àwọn ọmọ ń gbọ́ràn. Ibi tí ọmọ kò bá ti kọ́ nǹkan kan, pápá ìṣeré ni, kì í ṣe ilé-ìwé.

Tísà Kéékèèké: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, sà. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì lè fara mọ́ èyí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń ka A dé Z, orin ni wọ́n ń kọ, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ṣí ìwé, ẹ ní kí ọ̀kan fi M hàn yín: á padà sí A, á máa kọrin bọ̀ títí yóò fi débẹ̀. Eegun ọrùn ọwọ́ ọmọ ọjọ́ orí yẹn pàápàá kò tíì le tán. Iyanrìn tó ń bù, amọ̀ tó ń pò, ìdérí ike tó ń ṣí tó ń dé, àwọn ni yóò fún ìka rẹ̀ lágbára tí yóò fi di pẹ́ńsù mú tó bá yá.

Friedrich Fröbel, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó dá irú ilé yìí sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1837, tó sì pè é ní ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840, bọ́ọ̀lù àti igi gbígbẹ́ kéékèèké tí ọmọ lè tò ló kó fún wọn. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ga ju eré lọ nínú ìdàgbàsókè ọmọdé.

Mà, èmi náà ní ìbéèrè: ní ibi méjèèjì, ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀. Ní England, òfin ní kí àgbàlagbà kan má tọ́jú ju ọmọ 3 lọ tí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Fún ọmọ ọdún méjì, 4 ni tẹ́lẹ̀. Ìjọba sún un dé 5 ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀pọ̀ òbí àti òṣìṣẹ́ sì ta kò ó. Ẹ fojú inú wo olùtọ́jú kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá. Ó ń pààrọ̀ ìlédìí ọ̀kan, èkejì ń ki òkúta bọ ẹnu, ẹ̀kẹta ń gun tábìlì. Kì í ṣe pé kò níwà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká a.

Kámẹ́rà kò lè sáré mú ọmọ tó ń ṣubú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìlédìí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ mìíràn. Ibi tí wọ́n bá ti ń da ojú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan bolẹ̀ láti sùn, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀, bí ilé náà tilẹ̀ ń dán. Ẹ̀yìn ni ọmọ jòjòló ń fi sùn, láìsí ìrọ̀rí. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó tì í rárá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ tún wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n, ẹ wọ ibẹ̀ fúnra yín.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Mo gba ti ìmọ́tótó, mo gba ti iye ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wo ló wà pé ọmọ tó ń fi gbogbo àárọ̀ ṣeré yóò já mọ́ nǹkan? Ẹni tó bá pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwádìí: Ẹ̀rí wà, sà, ó sì ní apá méjì. Ní 1962, ní ìlú Ypsilanti ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò jẹ́lé-ó-sinmi kan tí wọ́n ń pè ní Perry Preschool. Ọmọ 123 láti ìdílé aláìní ni wọ́n mú: 58 wọ inú ètò náà, 65 kò wọ̀ ọ́. Àwọn olùkọ́ gboyè, ọmọ kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń lọ sílé àwọn òbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á ṣe é, wọ́n á wá sọ bó ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n pé ẹni 40 ọdún, owó tó ń wọlé fún àwọn 58 yẹn ju ti àwọn yòókù lọ, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn yòókù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí wọ́n ṣe ta àwọn yòókù yọ nínú ìdánwò ọpọlọ ti parẹ́ láàárín ọdún mélòó kan. Ohun tó kù sí wọn lára kì í ṣe A B D.

Apá kejì rèé. Ní Tennessee, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa ọmọ bí 3,000, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2022. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹfà, àwọn tó lọ sí ètò ìjọba fún ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe dáadáa tó àwọn tí kò lọ? Rárá, wọ́n rẹ̀yìn sí wọn nínú ìdánwò. Dale Farran, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà, wá ń béèrè ní gbangba bóyá ìjókòó gbọọrọ àti ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ ti pọ̀ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà: Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n wo orúkọ yẹn: jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ń sinmi lóòótọ́, ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọmọ mi lọ sí ibì kan tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Láàárín táàmù kan, ẹni mẹ́ta ló pààrọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá ti mọ òórùn ọ̀kan, ó ti lọ. Ọmọ náà kò sun oorun ọ̀sán mọ́, tí a bá sì dé ẹnu ọ̀nà, á di aṣọ ìyá rẹ̀ mú pinpin. A rò pé ìwà ni. Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀. Nígbà tí a gbé e lọ sí ibòmíràn, tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbà á láràárọ̀, kò pé oṣù kan tó fi ń sáré wọlé. Ẹ bi àwọn olùtọ́jú léèrè pé ó tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Tí olówó ibẹ̀ kò bá san owó tó yẹ fún wọn, wọn ò ní dúró.

Tísà Kéékèèké: Ẹ ṣeun, mà. Ohun tí John Bowlby àti Mary Ainsworth, àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí bí ọkàn ọmọ ṣe ń so mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa nìyẹn: ọmọ tó bá mọ ẹni tó lè sá bá, òun ló ń láyà láti lọ wo nǹkan tuntun.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta: Ọ̀rọ̀ ìyá wọ̀ mí lára, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀, ètò gbọ́dọ̀ wà. Ariwo tí ìyá àkọ́bí sọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Tísà Kéékèèké: Ibẹ̀ la ti pàdé, sà. Nígbà tí Maria Montessori, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, àwọn ọmọ ló ń mú iṣẹ́ tó wù wọ́n, wọ́n sì ń dá a padà sáyè rẹ̀, láìsí ẹni tó ń kígbe mọ́ wọn. Ètò wà, ìbẹ̀rù ni kò sí.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ ti là mí lójú. Mo ti mọ ohun tó ń dà mí láàmú. Ọmọ tó ń sunkún lórí itan olùkọ́ yẹn, olùkọ́ náà kò sọ fún un pé kó panu mọ́. Ó ń sọ fún un pé, "Màmá rẹ lò ń wá, àbí? Wọ́n ń bọ̀." Ní ibi àkọ́kọ́, ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó bojú wò ó títí mo fi kúrò. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ọkọ mi yóò padà lọ sí ibi méjèèjì ní àárọ̀ kùtù, ní àkókò tí wọ́n ń gba ọmọ wọlé. Mo fẹ́ rí ẹni tí yóò máa gba ọmọ tèmi, kí n sì bi í pé ọdún mélòó ló ti lò níbẹ̀.