Èsì wa sí oníbàárà wa ní Kétu lórí sípánà oníwọ̀n tí kò dún

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìdààmú bóòtù tó kán mọ́ yín lọ́wọ́. Ó máa ń dunni gan-an kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ dúró tini lórí.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, mo sì fara balẹ̀ wo àwòrán méjèèjì tí ẹ fi síbẹ̀. Fún àwọn tí kò tíì rí i: ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni ọ̀gá mẹkáníìkì yìí fún wa láti Kétu, lórí sípánà oníwọ̀n (èyí tó máa ń dún láti sọ fún ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì pé agbára rẹ̀ ti tó iye tó tò ó sí) tó rà ní ìsọ̀ wa ní Wàndó, níbí ní Àjàṣẹ́. Ó ní òun tò ó sí 10 láti fi de ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì Corolla kan, òun fà á, òun fà á, kò dún, àfi gbàù tí bóòtù kán sínú ihò. Ó ní nígbà tí òun gbé e dé ìdí táyà ọkọ̀ yẹn kan náà, ńṣe ló ń dún kí nọ́ọ̀tì tó yí rárá, síbẹ̀ nọ́ọ̀tì táyà kan tún tú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó wá parí rẹ̀ pé ayédèrú ni ọjà wa, pé ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ sàn ju irin yìí lọ.

Ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ kúnná, torí ọkọ̀ èrò ni ẹ ń tún ṣe. Ọkọ̀ tó kó èèyàn àti ẹrù ọjà ní Kétu, tó gba Ìpóbẹ́ àti Sàkẹ́tẹ́ wá sí Àjàṣẹ́, bí táyà rẹ̀ bá yọ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìràwọ̀ mélòó. Ìdí nìyẹn tí èsì yìí fi gùn.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ra irú sípánà yìí fi sọ́kàn ni pé kì í dá ọwọ́ dúró. Sípíríǹgì ló wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń yí ìdìmú lọ sí iye tó ga, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì yẹn ń fún pọ̀. Tí agbára tí ẹ fi ń fà á bá ti borí sípíríǹgì, orí sípánà á yẹ̀ díẹ̀, á dún kọ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ tán síbẹ̀. Bí ẹ bá tún ń fà á lọ, nọ́ọ̀tì á máa le sí i, kò sì sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín mọ́ títí bóòtù yóò fi kán. Ọ̀pọ̀ ló rò pé yóò máa yí lófo bó bá ti tó. Irú èyí tí ẹ rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó kéré, ohùn rẹ̀ kéré. Nínú ariwo gáráàjì, etí lè má gbọ́ ọ rárá. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wá rà á pé kí ó fi ọwọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí bóòtù tó kán. Sípánà tí ẹ rà, 28 ló ti bẹ̀rẹ̀, 210 Nm ló parí sí (Nm ni òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì). Ó wà lára ọ̀pá rẹ̀, ó sì wà lára páálí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Faransé, clé dynamométrique, sí. Kò sí 10 níbẹ̀. Nínú àwòrán yín àkọ́kọ́, etí ìdìmú ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà tó gbẹ̀yìn, ó ti bọ́ sí ibi tí wọn kò kọ iye kankan sí. Níbẹ̀, sípíríǹgì ti dẹ̀. Sípánà lè yẹ̀ láìdún, ẹni tó ń fà á kò ní mọ̀, ọ̀pá gígùn náà á sì máa lọ. Bóòtù tí ẹ ń dè, èyí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ń mú, mìlímítà 6 péré ni ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀, nǹkan bíi 10 Nm ló sì ń fẹ́. (10 ti sọ́kẹ́ẹ̀tì àti 10 ti agbára kì í ṣe ohun kan náà o, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ níbí ni.) Ibi tí ọwọ́ ti ń di sípánà yín mú jìn sí orí rẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Ní ibẹ̀, agbára tó ń mú 10 Nm wá kò ju ìwúwo nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ lọ. Ìka méjì ń ṣe é. Ẹ wo apá mẹkáníìkì tó ń gbé gíábọ́ọ̀sì, kí ẹ wá wo bóòtù kékeré yẹn.

Ẹni tó fẹ́ wọn ata gígún kì í gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ǹtì. Sípánà oníwọ̀n kékeré, èyí tó ti 5 dé 25, ló ni irú iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ẹ wá sí ìsọ̀, nọ́ọ̀tì táyà lẹ ní ẹ fẹ́ máa fi dè, òun la fi fún yín ní ńlá. Mi ò sọ ti kékeré yìí kí ẹ lè tún náwó o. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa tí àwọn mẹkáníìkì máa ń yá lò; ẹ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Kétu, a ó fi rán an sí yín. Àní ńlá tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, láti nǹkan bíi 42 sókè, ìyẹn ìdá kan nínú 5 ti 210, ni ó dára kí ẹ gbọ́kàn lé e. Bí iṣẹ́ bá kéré sí ìyẹn, ti kékeré ni kí ẹ lò.

Ti táyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Sípánà tó dún kí nọ́ọ̀tì tó yí kò purọ́. Ohun tó ń sọ ni pé nọ́ọ̀tì yẹn ti ń kọ̀ fún agbára tí ẹ tò ó sí. Kò lè sọ ìdí tó fi kọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá a. Ó lè jẹ́ pé sípánà táyà alápá mẹ́rin ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ fi dè é, tó sì gun orí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ti le kọjá ààlà kí sípánà oníwọ̀n tó dé, kò sì sí bí 103 Nm, iye tí ìwé ọ̀pọ̀ Corolla kọ fún nọ́ọ̀tì táyà, ṣe lè mì í. Ó sì lè jẹ́ pé ìpẹtà àti yẹ̀pẹ̀ ló há sí eyín bóòtù, tí nọ́ọ̀tì ń le lójú ara rẹ̀ láìtíì tẹ rìímù mọ́ ibi tó yẹ. Nínú àwòrán yín kejì, eyín àwọn bóòtù náà pupa rúsúrúsú, yẹ̀pẹ̀ pupa Kétu sì wà nínú wọn. Èmi rò pé ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì tó tú ti wá.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú ìdá 10 agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, bíi ìdá 9 ni fífi tí irin ń fi ara gbo irin ń jẹ, lábẹ́ nọ́ọ̀tì àti nínú eyín. Ìdá kan tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń fa bóòtù, òun ni bóòtù sì fi ń di táyà mú. Tí ìpẹtà bá wá gba tirẹ̀ nínú rẹ̀, kí ló kù? Sípánà á dún, táyà kò ní dì mú. Epo náà ní wàhálà tirẹ̀, òdìkejì ni. Tí ẹ bá fi epo ẹ́ńjìnnì pa eyín, irin á máa yọ̀ lórí irin, 103 kan náà á wá fa bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ, bóòtù á nà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Eyín tó mọ́ tó sì gbẹ ni ìwé ọkọ̀ kọ iye táyà fún. Àwọn bóòtù kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé máa ń ní kí ẹ fi epo díẹ̀ sí. Níbi tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ má gbé e wá sídìí táyà.

Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi sípánà táyà tú gbogbo nọ́ọ̀tì náà. Ẹ má fi sípánà oníwọ̀n tú nǹkankan láé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì wọlé. Tí ìka kò bá lè yí i dé ara rìímù, ẹ má fipá mú un, bóòtù yẹn ń fẹ́ pààrọ̀. Nígbà tí táyà ṣì wà lókè, ẹ dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fò láti ọ̀kan sí èyí tó dojú kọ ọ́, ẹ má yípo tẹ̀ léra wọn. Ẹ wá sọ jáàkì kalẹ̀ títí táyà yóò fi tẹ ilẹ̀ tí kò ní lè yí mọ́. Ẹ tò ó sí 50, ẹ de gbogbo wọn. Ẹ tò ó sí 103, ẹ tún dè wọ́n. Ọwọ́ ní àárín ìdìmú, ẹ fà á jẹ́jẹ́ lọ́nà kan, láìjá a gbà, láìfi páìpù kún ọ̀pá rẹ̀. Kọ́ ẹyọ kan, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fẹ́ràn kí wọ́n mú un dún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkàn wọn lè balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń dè é kọjá iye tí wọ́n tò.

Lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà, ẹ tún fi sípánà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọkọ̀ bá ti lọ Ìpóbẹ́ kan bọ̀, ó ti tó àsìkò nìyẹn. Nígbà yẹn, bó bá dún láìyí, ó dára, torí ẹ̀yin lẹ dè é, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe dè é.

103 tí mo ń pè yẹn, òun ló wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ Corolla fún nọ́ọ̀tì táyà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà máa ń gbà kọ ọ́: 1050 kgf·cm, 103 N·m, 76 ft·lbf. Agbára kan náà ni gbogbo wọn. Sípánà yín ní ìlà méjì, Nm ní apá kan, ft·lb ní apá kejì. Ẹni tó bá tò 103 sí apá ft·lb, ó ti fún nọ́ọ̀tì ní nǹkan bíi 140 Nm. Ẹ wo ìlà kí ẹ tó wo iye, ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọwọ́ ọ̀gá yín, mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ nọ́ọ̀tì tó ti jẹ eyín, ó mọ bóòtù tó ti ń nà, sípánà oníwọ̀n kò mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòrùn, nọ́ọ̀tì 5 lórí táyà kan sì gbọ́dọ̀ gba agbára kan náà. Bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, ó lè wọ́ irin bíréékì tó wà lẹ́yìn rìímù, awakọ̀ á sì máa ní bíréékì ń gbọ̀n láìmọ̀ pé ìdí táyà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì ṣì dára, kí ẹ sì fi sípánà mọ iye.

Tí iṣẹ́ bá tán, ẹ dá a padà sí 28, ẹ má tú u kọjá ibẹ̀, kí ẹ tó tì í bọ páálí. Ẹ má jù ú sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ayédèrú, èyí tó yẹ ká yanjú ní gbangba. Sípánà irú èyí, ìlànà àgbáyé ISO 6789 gbà kí ó ṣì í tó ìdá 4 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀: tí ẹ bá tò ó sí 103, láàárín nǹkan bíi 99 sí 107 ló gbọ́dọ̀ dún. Ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, tàbí lẹ́yìn ìgbà 5000 tó bá ti dún. Ẹ mú un wá. A ó fi étau tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ wa di orí rẹ̀ mú kí ó nà gbalaja, a ó bu omi sínú kéègì, a ó wọ̀n ọ́n títí yóò fi pé kílò 26, a ó sì fi kọ́ ìdìmú ní 40 sẹ̀ǹtímítà gẹ́lẹ́ sí àárín orí. Agbára ìyẹn jẹ́ 102 Nm, ìwúwo sípánà fúnra rẹ̀ á sì fi díẹ̀ kún un. Tí a bá tò ó sí 95, ó gbọ́dọ̀ dún. Tí a bá tò ó sí 115, kò gbọdọ̀ dún. Ojú yín ni a ó ti ṣe é, ẹ sì lè fi fóònù ká a sílẹ̀ kí ẹ gbé e síbí. Tó bá kùnà nínú méjèèjì tàbí nínú ọ̀kan, owó yín á padà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú owó mọ́tò tí ẹ wọ̀ wá.

Títí dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún tú àwọn nọ́ọ̀tì Corolla yẹn kí ó tó tún gbé èrò, kí ẹ fọ eyín wọn, kí ẹ sì pààrọ̀ bóòtù èyí tó tú. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìyókù bóòtù ìdérí tó kán dání, kí n lè fún yín ní irú rẹ̀, kí a sì jọ wá iye rẹ̀ nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ní àárọ̀, ìsọ̀ kì í kún. A ó ráyè dáadáa.