Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń jẹ́ kí àgbà gba irọ́ ìlera gbọ́

"Ẹ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ Màmá!" Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti sọ ọ́, pàápàá láàárọ̀ tí ìyá bá tún taari fídíò sórí WhatsApp ẹbí, pé ewé kan ṣoṣo ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà àti jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, kò lè dá òótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ̀kọ́ kankan ò sì lè tún un ṣe. Àfi kí ọmọ máa bá wọn wá ọ̀rọ̀ ìlera, kó sì máa sọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbà. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbàgbọ́ náà ò ṣàdédé wá o. Lọ́dún 2019, Andrew Guess, Jonathan Nagler àti Joshua Tucker gbé ìwádìí kan jáde nípa ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà pín lórí Facebook lásìkò ìdìbò ọdún 2016. Àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 pín ìròyìn irọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje èyí tí àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí pín. Apá yìí ni gbogbo ayé gbé kiri. Apá tí wọn ò gbé kiri ni pé nínú ìwádìí kan náà, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àwọn tí wọ́n wò tí kò pín ẹyọ irọ́ kan. Láàárín àwọn àgbà gan-an, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló pín in. Ìròyìn òṣèlú sì ni, kì í ṣe ti ìlera.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ àwọn tí a gbà pé ojú wọn là wò. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Yunifásítì Stanford kó ènìyàn 45 jọ: akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, onímọ̀ ìtàn 10 tí wọ́n ti gboyè ọ̀mọ̀wé, àti ayẹ̀ròyìnwò 10, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni. Ara iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ni pé kí wọ́n wo ojú ìwé méjì tó sọ̀rọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. American Academy of Pediatrics ló ni ọ̀kan, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé tó ti wà láti ọdún 1930, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ju 60,000 lọ. American College of Pediatricians ló ni èkejì, ẹgbẹ́ kékeré tó yapa lọ́dún 2002 nítorí awuyewuye lórí bóyá kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó jọ ń gbé bíi tọkọtaya gba ọmọ tọ́. Ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ti ẹgbẹ́ kékeré yẹn ló ṣeé gbára lé jù. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣiyèméjì. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò nìkan ló fẹnu kò, gbogbo wọn pátá, pé ti Academy ni.

Ọ̀dọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ọpọlọ wọn sì jí pépé, ní ọ̀kan lára àwọn yunifásítì tó ṣòro wọ̀ jù láyé. Ta ló fẹ́ dá ọjọ́ orí wọn lẹ́bi?

Ohun tó ya àwọn ayẹ̀ròyìnwò sọ́tọ̀ ò ju pé wọn kì í pẹ́ lórí ojú ìwé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì í, wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń wo àmì ẹgbẹ́, wọ́n ń wo àwọn ìwé tí wọ́n tọ́ka sí nísàlẹ̀. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò ka ìlà díẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n lọ wá ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹgbẹ́ náà. Kò pẹ́ tí ìtàn ìyapa náà fi hàn sí wọn.

Ohun tí à ń kọ́ àwọn àgbà wá ńkọ́? "Bí àdírẹ́sì ìkànnì bá parí sí .org, ó dáa." Láti ọdún 1985 ni .org ti wà, ẹnikẹ́ni tó bá lówó díẹ̀ ló lè rà á, títí kan ẹni tó ń ta ayédèrú oògùn. (.gov ti Amẹ́ríkà ló yàtọ̀, ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún.) "Ẹ wá àmì ìfọwọ́sí nísàlẹ̀." Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni HONcode, ti àjọ Health On the Net ní Geneva. Àjọ náà ti kógbá wọlé ní ìparí ọdún 2022, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ àwọn tó gbé àmì náà kọ́ wò mọ́. "Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde lórí Google ni kí ẹ tẹ̀." Ìpolówó tí wọ́n sanwó fún lè jẹ́ òun ló kọ́kọ́ jáde. Gbogbo ìmọ̀ràn wọ̀nyí ń ní kí àgbà bi ojú ìwé léèrè nípa ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ín ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Bí a bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, a kì í bi òun fúnra rẹ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ kúrò la ń lọ bi. Àgbà mọ èyí ju ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ibi tí wọn yóò tẹ̀ lórí fóònù láti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni wọn ò mọ̀, ìyẹn sì ṣeé kọ́. Lọ́dún 2022, Ryan Moore àti Jeffrey Hancock gbé èsì ẹ̀kọ́ kan jáde, èyí tí MediaWise, ètò kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ ìròyìn wò, ṣe fún àwọn àgbàlagbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó kọ́ ọ, nínú 100 ìgbà, wọ́n ń mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́ ní 64. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 85. Àwọn tí kò kọ́ ọ wà ní 55, wọ́n sì bọ́ sí 57 péré.

Mi ò sọ pé ọjọ́ orí ò mú nǹkan kan wá. Lọ́dún 2005, Ian Skurnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń sọ fún àgbà léraléra pé ọ̀rọ̀ kan, irọ́ ni. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n rántí pé irọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí wọ́n ti gbọ́ jù pé irọ́ ni ni wọ́n wá ń ṣèèṣì pè ní òótọ́ jù: ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wọn létí, "irọ́ ni" ti yọ bọ́. Nítorí náà, ọmọ tó ń pariwo lójoojúmọ́ pé "Màmá, mo ní ewé yẹn kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru!" ń bá onífídíò polówó ọjà ni. Òótọ́ ni kó máa tún sọ: "Oògùn tí dókítà fún yín ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru yín wálẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀."

Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ kọ́ àgbà, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí irọ́ rárá. Oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ ni màá ní kí wọ́n mú wá. Wọn yóò ka orúkọ tó wà lára páálí, wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ sórí MedlinePlus, ìkànnì ọ̀rọ̀ ìlera tí National Library of Medicine ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, tí kì í gba ìpolówó kankan. Ọwọ́ ara wọn ni mo sọ. Ọmọ tó bá já fóònù gbà, tó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, tó dá a padà pé "ẹ ò rí i?", kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ bá wọn mú lẹ́tà orí fóònù tóbi, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣìnà kí wọ́n padà.

Bí fídíò mìíràn bá wá dé, ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn ará Stanford fi ń kọ́ni tó: Ta ló wà nídìí rẹ̀? Kí ni ẹ̀rí rẹ̀? Kí ni àwọn ẹlòmíràn ń sọ? Ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kọ ìbéèrè náà sí Google pẹ̀lú. Orúkọ ewé náà àti "ẹ̀jẹ̀ ríru" ti tó. Bí wọ́n bá kọ "bí ewé yìí ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru", àwọn tó ń tà á ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.