Yíyọ dísíìkì yàtọ̀ sí píparẹ́
Ọ̀rọ̀ kan ń kiri pé ẹni tó bá fẹ́ yọ dísíìkì lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), kó kàn fi rm -rf, àṣẹ tó ń pa fódà àti gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, pa fódà tí wọ́n so ó mọ́ rẹ́, bíi /mnt/foto. Pé kò ní kan fáìlì inú dísíìkì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹnu ọ̀nà lásán ni fódà yẹn. Bí dísíìkì bá ṣì wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni rm máa gbà wọlé pa gbogbo fáìlì rẹ́. Ìgbà tó bá ṣe tán ló máa wá kọ “Device or resource busy” (pé nǹkan ṣì ń lò ó) nítorí fódà fúnra rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Àṣẹ umount ló ń yọ dísíìkì láìfọwọ́ kan fáìlì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi àṣẹ rmdir pa fódà òfìfo náà rẹ́; kì í pa fódà tí nǹkan wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó pa fódà náà rẹ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ findmnt /mnt/foto láti wò ó bóyá dísíìkì wà lórí rẹ̀. Bó bá mú èsì wá, dísíìkì ṣì wà níbẹ̀.