Ẹjọ́ Chauvin: ẹnu àwọn 12 ló kù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ síbí pé wọ́n máa dá Derek Chauvin, ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀, ta ló sọ fún yín? Àná, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2021, ni lọ́yà ìhà méjèèjì parọ́wà kẹ́yìn ní Minneapolis, tí ẹjọ́ bọ́ sọ́wọ́ júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́. Ní Nàìjíríà níbí, adájọ́ kan ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Lọ́hùn-ún, ẹnu ará ìlú 12 gbọ́dọ̀ kò. Bẹ́nì kan péré bá yarí, ẹjọ́ lè padà síbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń já mi láyà.

Nírọ̀lẹ́ àná, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba, à ń retí ìpè mọ̀gàríbì ká ṣínu. Bàbá kan ní ká fi fóònù ka ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 29, iye àkókò tí wọ́n ní orúnkún Chauvin fi wà lọ́rùn George Floyd. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. A ò tíì ka ìṣẹ́jú 4 tí onígbàjámọ̀ fi pa klípà, tó ní ó tó. Orí oníbàárà ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan fá, ìkejì kù.

Ẹni tó bá jí sààrì tó gbọ́ ìdájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.