Ẹ Wo Ibi Tí Ọmọ Máa Jáde Sí Kí Ẹ Tó Sanwó Ìwọlé

Ilé-ìwé aládàáni tó kọ "British curriculum" sára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn ti pọ̀ ní Ìlọrin báyìí, láti GRA dé Adéwọlé, dé Tanke. Mi ò bá wọn jà. Ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dára gan-an níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ òbí á débẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á wo bọ́ọ̀sì, wọ́n á wo aṣọ ilé-ìwé, wọ́n á sì sanwó láì béèrè ìdánwò tí ọmọ máa fi jáde. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, ì báà jẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi lẹ ń mú ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti orúkọ. Kò sẹ́ni tó ni "British curriculum". Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde lálẹ́ òní kó sì gbé pátákó kọ́ lọ́la. Èyí tí ò ṣe é gbé kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ Cambridge, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìlànà yìí. Ilé-ìwé tí Cambridge bá fọwọ́ sí máa ń ní nọ́ńbà ibùdó ìdánwò, ti Nàìjíríà sì máa ń fi NG bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà náà hàn yín, kí ẹ sì fúnra yín wá orúkọ ilé-ìwé náà lórí ìkànnì Cambridge International. Bí wọ́n bá ní ibòmíì làwọn ọmọ àwọn ti ń lọ kọ ìdánwò, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa mójú tó práktíkàlì wọn. Ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara yàtọ̀ sí èyí o. Ẹ béèrè tìyẹn náà.

Bí kíláàsì wọn ṣe bá tiwa mu kò le. Year 1 ni Praimárì 1, Year 7 ni JSS1, Year 9 ni JSS3, Year 11 sì ni SS2. Ìparí Year 11 ni wọ́n ń ṣe IGCSE, ìdánwò Cambridge tó dà bíi WAEC tiwa, ìyẹn ni pé ó ṣì ku ọdún kan gbáko kí ọmọ tó kan WAEC. Ọdún kan yẹn ṣeyebíye. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń fẹ́ kó méjèèjì lé ọmọ lórí lọ́dún kan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdánwò Cambridge ti oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà máa ń bọ́ sí àsìkò WAEC. Wọn ò tiẹ̀ béèrè nǹkan bákan náà. WAEC máa ń fẹ́ kí ọmọ sọ ìtumọ̀ nǹkan kó sì to kókó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Cambridge fẹ́ràn kó gbé àtẹ tàbí àwòrán síwájú ọmọ, kó ní kó ṣàlàyé ohun tó rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ọ̀kan ní SS2, kó ṣe èkejì ní SS3.

Ti sáyẹ́ǹsì ló ká mi lára jù. Nínú Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì ti IGCSE, pépà mẹ́ta mẹ́ta lọmọ ń kọ. Fún ọmọ tó wà ní Extended, ìyẹn ìpele tó ga jù nínú méjì (Core ni ti ìsàlẹ̀), pépà 2, níbi tí wọ́n ti ń mú ìdáhùn tó tọ̀nà, gba máàkì 30 nínú 100. Pépà 4 gba 50. 20 tó kù jẹ́ ti práktíkàlì, ilé-ìwé ló sì máa yan èyí tí ọmọ máa ṣe nínú méjì. Pépà 5 ni kí ọmọ wọ láàbù kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Pépà 6 ni kó jókòó ti tábìlì, kó dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ tí ẹlòmíì ṣe. Cambridge fọwọ́ sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ò ní láàbù, pépà 6 ni yóò máa mú lọ́dọọdún, òbí ò sì ní mọ̀. Ọmọ á gba B, gbogbo ilé á yọ̀. Ó wá di SS3, WAEC dé, WAEC ò sì fún ọmọ ilé-ìwé láǹfààní àtijókòó ti tábìlì. Burette gidi, ọ̀pá gíláàsì tó ní ìlà ìwọ̀n lára, ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀, ásíìdì nínú rẹ̀, kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò tó wà nísàlẹ̀ títí àwọ̀ á fi yí padà.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló ti ń rí burette á gbàgbé fọ́nẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀, ẹ̀kán tó ṣẹ́ kù sí fọ́nẹ́ẹ̀lì náà á kán sínú rẹ̀, nọ́ńbà tó kà á sì yẹ̀. Á nàró wo ìlà ásíìdì látòkè dípò kó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ìlà náà dọ́gba. Bó bá jẹ́ methyl orange, aró tó ń fi àwọ̀ sọ ìgbà tí ásíìdì tó, ni wọ́n fi sínú ìgò, ẹ̀kán kan ṣoṣo ló máa ń gbé e kúrò ní ìyeyè sí àwọ̀ ọsàn. Bó bá ti pọ́n, ó ti kọjá ààlà, kó dà á nù kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe títí iye tó tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán á fi sún mọ́ra, kí ìyàtọ̀ wọn má ju 0.20 cm³ lọ. Ọwọ́ ló ń mọ irú nǹkan báyìí, kì í ṣe orí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń mú yín yíká ilé-ìwé, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé láàbù. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò bóyá omi ń yọ. Ẹ ka burette, kí ẹ fi iye ọmọ kíláàsì wé e. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ìwé práktíkàlì ọmọ Year 10 kan hàn yín. Ìwé práktíkàlì tó bá mọ́ tónítóní jù ń kọ mí lóminú.

Ọ̀rọ̀ Core àti Extended náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi sí Core nínú ìṣirò, C ni òpin ohun tó lè gbà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Extended ló lè dé A*. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń kó ọmọ sí Core kí àbájáde wọn má bàa ní féèlì, òbí á wá gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ béèrè ní Year 9. Láti ọdún 2025, ọ̀kan nínú pépà ìṣirò méjèèjì kò gba kálkulétọ̀ mọ́, nítorí náà ọmọ tí ò mọ táímù-tébù lórí máa jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí jẹ́lé-ó-sinmi, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá ìlànà yìí ti wọ tíṣà lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìró lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kàwé, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà. Lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni s, a, t, p, i, n, torí pé kíá ni ọmọ lè fi wọ́n ka sat, pin àti tap. Bí ọmọ bá fẹ́ parí Year 1 lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ 40 síwájú rẹ̀ pé kó kà, 20 nínú rẹ̀ kò sì nítumọ̀ rárá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń ka ìró ni àbí ó ti há ọ̀rọ̀ sórí. Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa rèé: ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, ẹnu tíṣà á sì máa fi fáwẹ̀lì lé e láìmọ̀. S á di "sù", t á di "tù". Ọmọ á wá pa wọ́n pọ̀, "sù-á-tù", kò sì ní gbọ́ sat nínú rẹ̀ láéláé. Ti p tún le jù, nítorí p inú pápá tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ọ̀fun ló jọ ń gbé e jáde, nígbà tó jẹ́ pé ètè nìkan ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí tíṣà gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu: p ti Gẹ̀ẹ́sì á gbọ̀n ọ́n. S gbọ́dọ̀ máa dún bíi gáàsì tó ń jò. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí "sù" àti "tù" lẹ bá ń gbọ́, wọn ò tíì náwó lórí tíṣà yẹn.

Owó ìdánwò kì í sábà sí nínú owó ilé-ìwé. Pọ́n-ùn ni Cambridge fi ń ka owó, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba sì ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, ẹ má fi iye tí wọ́n san lọ́dún tó kọjá ṣírò tọdún yìí. Nǹkan bí oṣù kejì ni orúkọ ti máa ń wọlé fún ìdánwò oṣù karùn-ún, ẹni tó bá pẹ́ máa san lé e.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Year 1 lọ́mọ ọdún márùn-ún á ti parí IGCSE ní bí ọdún 15 tàbí 16, JAMB sì fẹ́ kí ọmọ pé 16 kó tó wọ yunifásítì. Ẹ wo IBASS, ìkànnì JAMB tó to ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, kí ẹ ka ohun tí yunifásítì tí ẹ ń fẹ́ béèrè fún kọ́ọ̀sì náà gan-an. Bó bá jẹ́ A-Level, ìdánwò tó tẹ̀lé IGCSE, lẹ ń rò, ọdún méjì míì ni, Year 12 àti 13. Ẹ béèrè bóyá ilé-ìwé náà ní i.

Ó ku ti àkókò. Ilé-ìwé méjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ń lọ, ilé kéú sì ń dúró de ọmọ nírọ̀lẹ́. Ilé-ìwé tó bá fi lẹ́sìnnì tipátipá dá ọmọ dúró di aago márùn-ún ti gba àsìkò kéú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Cambridge pàápàá ní Islamiyat lára iṣẹ́ IGCSE. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi orúkọ ọmọ sí i.

Èyí tí mi ò lè gbà ni ilé-ìwé tó ń bu owó ìtanràn lé ọmọ torí pé ó sọ Yorùbá. Wọ́n á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Britain nìyẹn. Irọ́ ni. Wales wà nínú Britain, ìjọba ibẹ̀ sì fi kíkọ́ èdè Welsh ṣe dandan ní ilé-ìwé ìjọba títí ọmọ fi pé ọdún 16. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń kọ́ Yorùbá lọ́sẹ̀, títí dé kíláàsì wo, ta sì ni tíṣà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àmúrelé Yorùbá ọmọ Year 6 kan hàn yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí tíṣà ti máàkì rẹ̀ gbẹ̀yìn.